Ẹja Tí Màmá Ní Ká Má Kà

Àárọ̀ Sátidé ni. À ń fi búrẹ́dì mu tíì ní pálọ̀ nígbà tí ọkọ mi na fóònù rẹ̀ sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, ó ní, "Màmá, ẹja yìí ti di thirty-seven o! Mo yà wọ́n ní fọ́tò, mo wá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Màmá, ìyá ọkọ mi, gbé kọ́ọ̀bù tíì wọn kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Mo ti bá wọn gbé tó láti mọ̀ pé tí Màmá bá ń pariwo, kò sí wàhálà. Tí wọ́n bá ti ń ṣe nǹkan jẹ́jẹ́, kí oníkálukú wá ibi sá sí.

"Ta ló ní kó o kà wọ́n?"

"Màmá, mo kàn fẹ́ mọ..."

"Mo ní ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ìyàwó ẹ jókòó síbí pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, ìwọ wá ń ka ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀ kùtù, o tún ń fi ẹnu pariwo iye wọn jáde?"

"Màmá, ẹja ni."

"Ẹja ni!" Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́? Ó ní ẹja ni."

Mo yáa ki búrẹ́dì bọnu kí n má baà dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayọ̀ mi ṣe tó nígbà yẹn, torí ayọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀. Mo parí girama n'Íbàdàn, mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta aṣọ ọmọdé, ni ọkọ mi bá wálé wá fẹ́ mi. Ká tó wí ká tó fọ̀, mo ti dé Maryland, mo wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ mọ́ ti aládùúgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò jìnnà sí Fairwood. Mo ní kíṣìnì tèmi, mo ní ọkọ tó máa ń pè mí láti ibi iṣẹ́ torí kó lè gbọ́ ohùn mi lásán, oyún sì dé! Mo máa ń jí láàárọ̀, màá wo àjà, màá máa rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, bí ẹni tó gbọ́ àwàdà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń já mi láyà: mi ò mọ nǹkan kan nípa ọmọ tuntun. Ìyá tó bí mi ò rí físà gbà. Ọkọ mi ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní yunifásítì tó wà ní College Park, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa tó fi ń jáde. Àfi Màmá. Màmá ló máa wẹ ọmọ, Màmá ló máa na ọwọ́ na ẹsẹ̀ rẹ̀, Màmá ló máa fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi, Màmá ló máa mọ̀ bóyá ebi ló ń pa ọmọ tó fi ń ké àbí inú ló ń run ún. Tí Màmá bá bínú lọ, mo ti gbé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹja náà wá báyìí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ọkọ mi ń kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ló bá fún un ní táǹkì ẹja, àpótí onígíláàsì kan tó ní iná lórí àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Ẹja bíi mélòó kan wà nínú ẹ̀. Ẹja tí mo mọ̀ nílé, inú ọbẹ̀ ni, àbí inú fíríìsà ìyá tó ń ta ẹja tútù ní àdúgbò wa. Èyí wá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú pálọ̀ mi! Gọ́pì ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn ò ju ìka ọmọdé lọ. Akọ wọn ní ìrù tó fẹ̀ bí etí gèlè, òmíràn pupa, òmíràn aró, òmíràn bí ọsàn tó pọ́n. Abo wọn ò ní àwọ̀, àmọ́ wọ́n sanra, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tó nílé. Mo máa ń gbé àga síwájú wọn, màá máa wò wọ́n títí ọbẹ̀ á fi fẹ́ jóná.

Nígbà tí Màmá dé láti Ìbàdàn, ẹ̀rín ni wọ́n rín. "Ẹ̀yin ọmọ Amẹ́ríkà! Ẹja tá ò ní jẹ, a tún wá ń bọ́ ọ!" Wọ́n á gba iwájú táǹkì kọjá bí ẹni tó bá aládùúgbò jà. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo wà lókè tí mo ń ká aṣọ, mo gbọ́ ariwo.

"Ìyàwó! Ìyàwó mi, sáré wá! Má sáré o, rìn wá! Ẹja yìí ń bímọ!"

Ẹyin ni àwa méjèèjì rò pé gbogbo ẹja ń yé. Èyí ń bí ọmọ lóòyẹ̀, pẹ̀lú ojú, pẹ̀lú ìrù, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré, ọmọ tí kò tó ìrẹsì ẹyọ kan, á sì bọ́ sómi, á sì sáré lọ. Màmá tẹ orúnkún síwájú táǹkì. "Ẹ kú ewu ọmọ o," wọ́n ń sọ fún ẹja náà, "ẹ kú ewu, Olúwa á dá wọn sí." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú. Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín ni akọ kan ti yọ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó la ẹnu, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà mì.

Màmá kígbe. Wọ́n ti ọwọ́ bọ omi dé ìgúnpá, pẹ̀lú aago ọwọ́. "Bàbá burúkú! Ọmọ ẹ lo jẹ yẹn!" Wọ́n ní kí n mú asẹ́ wá. Asẹ́ ńlá oníke tí mo fi ń sẹ́ ìrẹsì ni mo gbé fún wọn. Wọ́n fi kó gbogbo ọmọ tó kù, wọ́n fi ìdí asẹ́ náà sínú omi, wọ́n fi ẹnu ẹ̀ kọ́ etí táǹkì, kí omi lè máa wọlé kí bàbá burúkú má lè wọlé. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ní asẹ́ ìrẹsì mọ́. Láti ọjọ́ náà náà ni ọmọ kan ò ti sọnù mọ́ nínú táǹkì yẹn. Ìyá bímọ, ó tún bí. Àwọn ọmọ náà dàgbà, àwọn náà ń bí.

Màmá ò fẹ́ràn oúnjẹ ẹja tí wọ́n ń tà. "Kí lèyí? Bí ewé gbígbẹ. Ṣé èyí ni wọ́n máa fún ẹni tó ń tọ́mọ?" Wọ́n mú lára edé gbígbẹ tí wọ́n gbé wá láti ilé, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n ń bu ú fún wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Omi wá ń rú bí omi ògì, ó sì ń rùn. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo àwọn ẹja á ti kóra jọ sókè omi, wọ́n á máa la ẹnu wọn kékeré yẹn, pàù, pàù, bí ẹni tó sáré dé láti ọ̀nà jíjìn.

Ọkọ mi ní wọn ò rí èémí mí. Màmá ní àdúrà òwúrọ̀ ni wọ́n ń gbà.

Ẹ̀ẹ̀kan wà tí ọkọ mi gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹja àti ẹyẹ, lápá Bowie. Òun dúró ti mọ́tò, ó ń gba ìpè ibi iṣẹ́. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà bi mí pé ẹja mélòó la ní. Mo yíjú sí Màmá.

"Sọ fún un pé wọ́n wà, a dúpẹ́," Màmá ní.

Mo sọ fún un lóyìnbó pé wọ́n wà, a dúpẹ́. Ó ní okay, ó dáa, àmọ́ mélòó?

"Kí ló fẹ́ fi iye wọn ṣe? Ṣé ó fẹ́ rán wọn níléèwé ni?"

Mo sọ fún un pé a ní díẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ó ní kí n fi ọwọ́ júwe bí táǹkì náà ṣe tóbi tó. Mo júwe. Ó ní irú táǹkì yẹn, bíi mẹ́wàá ló lè gbà, kó má fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá gbọ́ "ten" yẹn kedere. Oyìnbó tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa ń gbọ́. Wọ́n di mí lápá mú: "Ká máa lọ. Mẹ́wàá! Ta ló bi í?"

Ẹ má rò pé àṣejù ni. Nílé tiwa náà n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó máa ń ka iye ọmọ ẹlòmíì síta. Tí àlejò bá bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, wọ́n á ní "Ọlọ́run ṣe é, wọ́n wà," ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò kàn tíì gbọ́ ọ rí pé ó kan ẹja ni. Àmọ́ Màmá ní ẹja tó ń lóyún, tó ń rọbí, tó ń bí ọmọ olójú méjì, nínú ilé tí aboyún èèyàn ń sùn, àwọn ò fẹ́ gbọ́ iye. Ká máa wò wọ́n, ká máa bọ́ wọn, ká máa dúpẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kí ló kàn mí? Inú mi ń dùn.

Ọkọ mi ló wá kà wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ tó kà wọ́n yẹn gan-an, mo ń rẹ́ ilá ní kíṣìnì, mo gbọ́ tí Màmá ní, "Yéè." Wọn ò pariwo ẹ̀. Nígbà tí mo dé pálọ̀, ẹja kan ti léfòó, ikùn ẹ̀ wà lókè. Èyí tí ìrù ẹ̀ rí bí iná ni, ọ̀kan lára àwọn tí Màmá fi asẹ́ gbà là lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá fi ìka kan gíláàsì, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá. Màmá fi ṣíbí gbé e, wọ́n fi bébà tíṣù wé e, wọ́n sì lọ sin ín sábẹ́ òdòdó tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkọ mi ní, "Màmá, omi yẹn ni. Wọ́n ti pọ̀ jù, wọn ò rí..."

"Láàárọ̀ yìí ó wà láàyè. O kà á. Ó kú. Kí lo tún fẹ́ kí n sọ?"

Mi ò gbà á gbọ́ o. Mo jókòó, mo ń sọ fún ara mi pé mi ò gbà á gbọ́, àmọ́ nígbà tí mo máa wò, ọwọ́ mi méjèèjì ti wà lórí ikùn mi, pẹ̀lú ilá.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn Màmá láti yàrá wọn. Ọmọbìnrin wọn tó wà ní Texas ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí. Rárá, ìyàwó ò ṣe mí ní nǹkan kan, ọmọ dáadáa ni. Ojú mi ni ò lè gbà á. Mi ò lè jókòó síbí kí n máa wo ikú lójoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aboyún. Tó bá bímọ tán kẹ́ ẹ pè mí, màá padà wá."

Tí mo bá bímọ tán! Ta ló máa wà níbẹ̀ kí n tó bí tán? Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Gbogbo ayọ̀ tí mo ti ń jẹ látọjọ́ yìí, mo rí i tó ń wọ mọ́tò lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Mo bá ọkọ mi ní yàrá. Mo ní kó lọ bẹ ìyá rẹ̀.

"Mo ti ní sorry. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fún ẹja náà ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"Babe, ẹja ni. It's just fish."

"Kì í ṣe ẹja. Màmá ń lọ."

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní ṣé kí òun kó gbogbo ẹ̀ jáde, kí òun gbé e fún ẹnì kan níbi iṣẹ́, kó tán síbẹ̀. Mo ní tó bá dán an wò, Màmá ò ní dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ká fi wọ́n sílẹ̀ nígbà náà. Ká fi wọ́n sílẹ̀ bí i ti báwo? Tá a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì kú, Màmá á ní òun wí bẹ́ẹ̀. Ká mú wọn jáde, Màmá á lọ. Ká má mú wọn jáde, Màmá á lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ̀ lé wa wálé wá jẹun. Fairwood ni wọ́n ń gbé, nínú ilé ńlá, wọ́n ní ọmọ mẹ́ta tó dàgbà síbí. Ẹnu àǹtí yìí kì í sinmi. Bí wọ́n ṣe wọ pálọ̀ ni wọ́n dúró síwájú táǹkì.

"Ha! Ẹja lèyí àbí ìjọ? Ó mà kún ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ ìkórè lọ!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí ò mọ nǹkan kan, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù díẹ̀ fún mi níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní táǹkì kan nísàlẹ̀ ilé, ó tó ìlọ́po mẹ́rin èyí, ẹja arúgbó méjì péré ló wà nínú ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lásán."

"Tiwa kì í ṣe ẹran iléyá tí wọ́n ń pín kiri," Màmá ní. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́.

Mi ò mọ ohun tó kó sí mi nínú. Bóyá torí pé mo ti rí àpótí ẹrù Màmá láàárọ̀ yẹn, wọ́n ti gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ṣí i. Mo ṣáà gbọ́ ohùn ara mi.

"Màmá, ẹ má fi wọ́n tọrẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí ni. Bí wọ́n ṣe máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n nílé. Ọmọ yín náà ni wọ́n máa jẹ́."

Ẹ̀rọ kékeré yẹn nìkan ló ń hó nínú omi. Mo rí ojú Màmá, mo rí ojú ọkọ mi, ìgbà yẹn ni ohun tí mo sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé èmi fúnra mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ mi nígbà tí Màmá fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó ń gbé ní Largo. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ àdúgbò tí wọ́n ti bí ọkọ ẹ̀. Mi ò ronú kàn án rí pé ẹnì kan ló gbé e lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, tó wá padà sílé lọ́wọ́ òfìfo.

"Mo ti ṣe é rí," Màmá ní. Ojú wọn ò kúrò lára gíláàsì. "Ọmọ tí mo fi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, òun ló jókòó yẹn. Mi ò tún fẹ́ ṣe é mọ́."

Àǹtí rọra ń wo ibi tí wọ́n gbé báàgì wọn sí. Mo ní mo ti pa ara mi.

Inú omi, gbogbo wọn tún ti wà lókè, pàù, pàù. Ọ̀kan kékeré ń fì, ó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún dìde, á tún yí. Màmá rí i. Mo rí i pé wọ́n rí i.

"Àwọn obìnrin lè lọ," wọ́n ní. "Wọ́n máa ṣáà lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ kan. Ìyàwó, mú asẹ́."

Ọkọ mi ti ń ṣí ẹnu pé mélòó ni ká mú. Mo fún un ní ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Àmọ́ Màmá ò tíì ki asẹ́ bọ omi. Àǹtí ni wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí. "Ta ló máa ń bọ́ wọn lọ́dọ̀ yín?"

"Ọmọ mi obìnrin ni, mà."

"Ṣé kì í gbàgbé?"

"Màmá, á bọ́ ẹja, á gbàgbé láti jẹun fúnra ẹ̀."

"Àwọn arúgbó méjì yẹn, ṣé wọn kì í jà?"

"Wọn ò lágbára ìjà mọ́, mà. Sísùn ni tiwọn."

"Ẹ óò máa fi fídíò wọn ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ọjọ́ Sunday."

"Màá fi ránṣẹ́, mà. Màá ní kí wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ létè Màmá, wọ́n gbé e mì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn abo, èyí tó sanra àti èyí tó ń sanra bọ̀, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọkọ mi gbé wá. Wọ́n á mú asẹ́ kan, wọ́n á dúró, wọ́n á wò. Nígbà tí wọ́n kó àwọn abo tán, táǹkì wá mọ́lẹ̀, àwọn akọ nìkan ló kù, aláwọ̀ mèremère, ó dà bí ọjọ́ ìgbéyàwó tí ìyàwó ò tíì dé.

Wọ́n ṣì wà lókè omi. Wọ́n ṣì ń la ẹnu.

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀," Màmá ní.

A dúró. Ìrẹsì tutù lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ inú mi ń ta mí nípàá. Èyí kékeré tó ń fì yẹn tún yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tètè dìde mọ́.

"Màmá," ọkọ mi ní, "ẹ jẹ́ kí díẹ̀ lọ nínú àwọn náà."

"Ọkùnrin ò tún ní kúrò nílé mi mọ́. O ò mọ nǹkan tó ò ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo lọ."

Mo rò pé Màmá máa jágbe mọ́ ọn. Wọn ò jágbe. Wọ́n di asẹ́ yẹn mú, omi ń kán látara ẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé o sunkún?" wọ́n bi í. Ọkọ mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mi ò rò pé wọ́n ti bi í rí.

"Mo sunkún."

"Ó pẹ́?"

"Ó pẹ́ díẹ̀." Ó ń wo ilẹ̀. "Àmọ́ mo yó, Màmá. Wọ́n tọ́jú mi. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ohun tó kàn ṣòro ni pé èmi nìkan ni. Kò sẹ́ni tá a jọ wá. Tí nǹkan bá pa mí lẹ́rìn-ín lédè wa, kò sẹ́ni tí mo lè wò."

Àǹtí ti ń fi ìdí gèlè wọn nu ojú. Màmá ò nu ojú. Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wò ó dáadáa, bí ẹni tó ń wò ó bóyá gbogbo ara ẹ̀ ló padà dé. Wọ́n wá yíjú sí omi.

"Méjì-méjì," wọ́n ní. "Kò sí èyí tó máa dá lọ."

Báyìí la ṣe ṣe é. Màmá á mú méjì tó máa ń rìn pọ̀, wọ́n mọ̀ wọ́n, wọ́n mọ ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹni. Wọ́n á rọra dà wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. A óò dúró, a óò máa wo ojú omi. Wọ́n ṣì ń la ẹnu. Méjì tún lọ. A tún dúró. Ọkọ mi bu díẹ̀ nínú omi ògì yẹn dànù, ó fi omi tó ti gbé kalẹ̀ láti àná rọ́pò ẹ̀. Méjì tún lọ. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba asẹ́. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, mi ò lè mí dáadáa, àfi bí ẹni pé èmi náà wà nínú táǹkì. Méjì tún lọ.

Ọ̀kan kúrò lókè omi. Ó lọ sísàlẹ̀, ó lọ ń fi ẹnu gbẹ́ òkúta. Òmíràn tẹ̀ lé e. Èyí kékeré yẹn pẹ́ lókè, ó pẹ́ títí mo fi ní ó ti tán, lójijì ó gbọn ìrù, ó sì wọlẹ̀ lọ bá àwọn yòókù. Ojú omi mọ́. Kò sí ẹnu kankan níbẹ̀.

"Ó tó," Màmá ní. "Àwọn tó kù yìí, ilé tó wọn."

Màmá bẹ̀rẹ̀ wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àgbà ìyá yẹn, èyí tí wọ́n kí kú ewu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wà níbẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àǹtí ní ṣé kí àwọn dá ìyá padà fún wọn, kó lè máa bá Màmá ṣeré.

"Rárá," Màmá ní. "Àwọn ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ bímọ. Kó tẹ̀ lé wọn."

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. Ìyá ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin, ọmọbìnrin Màmá sì wà ní Texas. Mo sin àǹtí dé ẹnu mọ́tò, ọkọ mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́sẹ̀ àga iwájú, àǹtí ní àwọn máa wa mọ́tò bí ẹni tó gbé ẹyin. Nígbà tí mo padà wọlé, Màmá ń fi aṣọ nu kápẹ́ẹ̀tì. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Èmi náà ńkọ́ báwo?"

"Texas."

Wọ́n gbé ojú sókè wò mí, wọ́n wò mí láti orí dé ikùn. "Ọmọ mi tó wà ní Texas, ṣé ó lóyún ni?"

"Rárá, mà."

"Ta ló lóyún?"

Mò ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, Màmá ní kí n dìde lórí omi ẹja, ṣé mo fẹ́ yọ̀ ṣubú ni. Wọ́n mú fóònù wọn lórí tábìlì, wọ́n pe ọmọbìnrin wọn. "Má ra nǹkan kan mọ́ o. O ti rà á? Lọ dá a padà fún wọn. Sọ fún wọn pé ìyá ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́." Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àga kékeré kan sí ọ̀dọ̀ mi, fóònù ṣì wà létí wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n gbé ẹsẹ̀ mi tó wú lé e, kí ọkọ mi sì wá gbé ìrẹsì náà padà sórí iná.